Orúkọ Yín Lára Simẹ́ńtì

Bàbá tí ó bí mi lọ́mọ,

Ìyàwó tíṣà ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má fi oyin sí i.

Ó rẹ̀ mí. Ẹgbẹ́ tó ń kó ìtàn Emùré jọ kò jẹ́ kí àgbà sinmi mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ń ṣe ìwé ìtàn, wọ́n sì fẹ́ kọ orúkọ àwọn tó mọ ògiri àkọ́kọ́ sára simẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin wà lára wọn. Ẹ mọ ògiri náà, ṣùgbọ́n ẹ kò bá wọn jọ́sìn nínú rẹ̀ títí ẹ fi kú, nítorí náà orúkọ yín kò sí nínú ìwé ìrìbọmi. Kí ló dé tí ẹ fi ru amọ̀ fún Ọlọ́run tí ẹ kò sìn? N kò bi yín nígbà tí mo lè bi yín.

Àwọn arúgbó ìyàwó ilé wa ni wọ́n lọ bi. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pè yín. Òun náà ni wọ́n kọ: Eyínfúnjowó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rí yín níwájú ilé, orín lẹ́nu títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ ń tutọ́ síbi tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n sọ yín lọ́jọ́ ìkómọ.

Ọ̀la ni bíríkìlà yóò kọ ọ́. Èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ yín, ọmọ kì í sì í pe orúkọ bàbá rẹ̀. N kò pè é rí.

Tíṣà, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, ní, “Ìyá, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Kì í bu ni jẹ.”

Mo ní, “Ṣé bàbá tìrẹ ni?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Ta ni mo fẹ́ bi, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo yẹ kí n bi?

Ní àárọ̀ yìí mo lọ bá tíṣà. Mo kọjú sí ògiri, mo pe orúkọ yín. Ó ní òun kò gbọ́ dáadáa. Mo tún un pè.

Bí ó bá dùn yín, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó pè yín lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì.