Iṣu Méjìlélógójì Tí Ọkọ Mi Kà ní Kóòtù

Bàbá mi tó sùn sí Kétu lódìkejì bọ́dà,

Mo ti kọ ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wò mí lójú bí ẹ ti máa ń ṣe, tí ẹ óò máa rún orógbó láìsọ̀rọ̀ títí n óò fi jẹ́wọ́.

Ẹ rántí àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi nígbà tí mo wá kí yín gbẹ̀yìn? Mo ní mo ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi ni. Irọ́ ni, Bàbá. Bẹ́líìtì ni. Ó dùn mí pé orí irọ́ yẹn lẹ kú sí. Àbí ẹ mọ̀, tí ẹ kàn dákẹ́?

Gbogbo ìgbà tó bá lù mí tán, orin kan náà ni. Bí mo bá kó jáde, yóò pe àwọn ìmígíréṣọ̀n, wọ́n á kó mi padà sódìkejì bọ́dà, Rẹ̀mí ọmọ mi á sì kù sọ́wọ́ òun. Èmi tí a jọ ń sọ Yorùbá kan náà ló ń pè ní àjòjì! Ẹni tó ń ti ẹrù níléeṣẹ́ bísíkíìtì n'Íkẹjà, tó bá rí ọ̀gá rẹ̀ á máa gbọ̀n bí adìẹ tójò pa. Inú yàrá kan ṣoṣo wa l'Ágége nìkan ló ti ń ṣe kìnnìún. Ṣíọ̀!

Ọjọ́ tí bẹ́líìtì náà kan Rẹ̀mí ni mo kó jáde. Mo ríṣẹ́ síléeṣẹ́ ike l'Ọ́gbà, à ń fi abẹ gé etí ike. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn alágbádá ti gbàjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà, wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ àwa tá a ti òkèèrè wá. Mo lọ bá àwọn ìmígíréṣọ̀n fúnra mi. Obìnrin tó dá mi lóhùn ò jágbe mọ́ mi. Ó ní mo lè gba káàdì ìgbélùú lórúkọ ara mi, bí mo bá mú ìwé wá pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé níbí. Ìwé wo, Bàbá? Orúkọ ọkùnrin yẹn ló wà lórí ohun gbogbo.

Àṣé ọkánjúwà rẹ̀ á bá mi ṣe é. Nígbà tí mo pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, kò béèrè ọmọ rárá. Iṣu ìdána ló bá wá. Ẹ gbọ́ o! Ó ní kí n dá iṣu méjìlélógójì padà. Ó fa ṣòkòtò sókè, ó ń rojọ́, akọ̀wé ń kọ ọ́: pé òun fẹ́ mi lọ́wọ́ yín, pé láti ọdún mẹ́jọ ni òun ti mú mi wá s'Ágége, ibẹ̀ ni mo sì ń gbé látìgbà náà. Wọ́n kà á sí i létí, ó tẹ̀ka sí i.

Iṣu méjìlélógójì wo? Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kó wá. Ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀yìnkùlé fi mọ́kànlá tiyín kún un, kí àwọn ẹbí má baà fi í ṣẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi ní kóòtù kí n tó gbé e mì. Mo ní nínú ọkàn mi pé kó máa kà á lọ.

Àwọn adájọ́ ní iṣu tí ẹbí ti jẹ kò ṣeé dá padà. Wọ́n tú wa ká, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún mi, wọ́n fún mi níwèé ìdájọ́, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́jọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ sì wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ni mo gbé tọ obìnrin ìmígíréṣọ̀n lọ. Ẹlẹ́rìí tí mo wá títí, ọkọ mi gan-an ló di. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àná ni mo gba káàdì. Orúkọ yín ló tẹ̀lé tèmi, tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bí mo bá ti gba ìsinmi, èmi àti Rẹ̀mí ń bọ̀ ní Kétu. N óò ra iṣu mọ́kànlá, iṣu gidi, n óò kó o sí ẹsẹ̀ ibojì yín. Ìyẹn nìkan ló yẹ kí n dá padà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí kò ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi rí.