Ojú Ọkọ̀ Mi

Okitipupa, ọjọ́ Àìkú, 1968.

Àbúrò mi Akin gbé ọkọ̀ ìjàpá tuntun dé láti Èkó. Iná iwájú tó rọra fẹ̀yìn tì lára ìjàpá tèmi tó ti pẹ́, wọ́n ti gbé e dúró ṣánṣán lára tiẹ̀. Gbogbo ìjọ ló ń yìn ín lẹ́yìn ìsìn. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ríran dáadáa tó lọ fi awò sójú láti fi ṣe fújà.

Akin ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì pààrọ̀ tiyín sí irú èyí."

Mo ní Wòlíì ìjọ wa ti ta òróró sí iná tèmi lọ́jọ́ tó ya ọkọ̀ náà sí mímọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́.

Ká tilẹ̀ ní omi kànga lásán ni Wòlíì ta sí i, n ò ní yọ ọ́. Ọkọ̀ mi rẹwà.