Ẹni Tó Ń Pe Odette

Màmá mi, mo kí yín láti Manchester. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa, ẹ má ronú.

Ẹ béèrè nípa màmá Faransé tí mò ń tọ́jú ní Whalley Range. Wọn ò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ìwé àwòrán mú mi rìn ká abúlé tí wọ́n ti dàgbà: ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta, ọ̀nà tóóró inú ọgbà àjàrà, odò tí wọ́n kọ́ òrùlé bò fáwọn obìnrin tó ń fọṣọ. Odò yẹn ló gbé Odette, àbúrò wọn, lọ ní kékeré.

Odette ni wọ́n ń pè mí. Àánú wọn ṣe mí, mo ń jẹ́ ẹ.

Wọ́n jáde láyé ní Jímọ̀. Mo ti rí shift míì ní Levenshulme, ọpẹ́ ni. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, nínú bọ́ọ̀sì, òórùn ọṣẹ ìfọṣọ gba ibẹ̀ kan, ohùn kan sì pe Odette lẹ́yìn mi. Kò séèyàn níbẹ̀. Láti kékeré lẹ ti ń kìlọ̀ pé kí n má jẹ́ ìpè ẹni tí mi ò rí. Kí n tó rántí, mo ti dáhùn.

Ẹ bá mi kí Hafeezah àti gbogbo ará ilé. Tí ẹ bá fóònù mi, ẹ jọ̀ọ́, oríkì mi ni kí ẹ fi pè mí. Ẹ máa pe Àwẹ̀ró títí màá fi dáhùn.