Nọ́ńbà Ìyá Yín Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwòsàn

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fi owó oúnjẹ ra oògùn. Àlàáfíà ni mo wà, àfi ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, òun ni mo sì tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Wọ́n ti ti yàrá káàdì pa ní ilé ìwòsàn wa, kọ̀ǹpútà ló kù. O rántí Ìyá Káàdì tó máa ń pín fáìlì níbẹ̀? Fáìlì kan ṣoṣo ni èmi àti ìyá yín jọ ń lò, torí pé owó ni wọ́n ń gbà lórí fáìlì, mi ò sì rídìí tí àwọn tó ń sùn lórí ibùsùn kan yóò fi ra méjì. Tó bá ti kàn wá, Ìyá Káàdì á ní kí ahun méjì inú ìkarahun kan máa bọ̀. Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín, ìyá yín á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, a ó sì jọ wọlé. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìyá yín forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Èmi ní kí wọ́n fi mí sórí bébà, bébà kì í béèrè iná. Látìgbà tó ti lọ, fóònù rẹ̀ náà ni mò ń lò, ta ni yóò ra síìmù méjì? Kọ̀ǹpútà yẹn sì lẹ́kọ̀ọ́ o! Àwọn aládùúgbò ò béèrè ìyá yín mọ́, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ló ń ránṣẹ́ pé Màmá, ẹ kú ilé, ọ̀la ni ọjọ́ yín. Mo máa ń dá a lóhùn pé ó ṣeun, Màmá ti sinmi, kó bá wa kí dókítà. Wọ́n ń yọ owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kí èèyàn, à á dá a lóhùn. Ó jọ pé kì í gbọ́ dáadáa, torí tí oṣù bá yí, á tún máa wá a.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ gba oògùn. Ọmọge tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní kí n mú nọ́ńbà wá, mo ka ti ìyá yín. Ó wò mí lójú, ó ní Baba, obìnrin ni yín níbí. Ó ní nọ́ńbà kan, èèyàn kan ni. Tí mo bá ti lè sọ pé Màmá ti kú, òun á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, nọ́ńbà á di tèmi, n ó sì gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ náà mọ bí ọ̀fẹ́ ṣe máa ń dùn mọ́ mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń yí fóònù ìyá yín lọ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kùn pé ṣé oorun ni Baba wá sùn ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì wálé lọ́wọ́ òfo. Oògùn tó kù kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ yìí.

Nítorí náà, fi owó síìmù tuntun ránṣẹ́, kí o fi owó ọkọ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ìnákúnàá ni, ìyá yín ìbá bá mi jà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gba nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò tún máa béèrè rẹ̀ lóṣooṣù? Fáìlì gba àwa méjèèjì, ẹ̀rọ yìí ò gbà wá. Kò burú, èmi ni n ó kó jáde fún un.

Ẹni tí yóò máa béèrè yín kò ní wọ́n yín láyé.

Èmi ni,
Baba rẹ.