Orin Àárò Ọjọ́ Márùn-ún

Bàbá Ṣèyífúnmi, ọkọ mi,

Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Ara mi le níbí, ẹ má ṣèyọnu. Oṣù mẹ́ta tí mo ní mo fẹ́ lò ní Kánádà ti di ọdún méjì, àmọ́ ìtọ́jú pọ̀ nílé ọmọ wa. Ṣèyífúnmi tilẹ̀ ń bá mi tọ́jú páásípọ́ọ̀tù mi, kó má baà sọnù.

Mo gbọ́ pé àwọn olùkọ́ pólì fẹ́ kó ìwé orin mi pamọ́ sí láìbírì. Ẹ kó gbogbo èyí tó wà nínú àpótí fún wọn, àfi "Ẹnu Ọ̀nà Ni Mo Wà" tó ń pa gbogbo Ìbàràpá lẹ́kún. Nígbà tí mo kọ ọ́, ẹ ń ṣe tíṣà ní Ìdèrè, gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ sì ń wálé sí Èrúwà. Màá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, màá máa retí yín. Àárò ọjọ́ márùn-ún péré! Kí ni mo mọ̀ nígbà yẹn? Mo fẹ́ tún un kọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú bírò, n kì í rí nǹkan kan kọ.

Ẹ bá mi kí Keturah àtàwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yòókù. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ jókòó sí i.

Èmi ni,
Ọmọ́tárá