Èdè Tí Mo Kọ́ Lójú Fèrèsé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti ń gbọ́ oògùn? Ẹlẹ́dàá tó jẹ́ kí n rí ọwọ́ fi mú bírò lónìí ni mo bẹ̀ pé kó jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ nídìí ayọ̀, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Tèmi kò burú ní ti ara. Ẹ̀jẹ̀ mi wà ní ìwọ̀n, ìwọ̀nba eyín tó kù sì ṣì ń bá mi ṣe é.

Ṣùgbọ́n wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè tètè yé ọ. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti kó mi wá sí ilé rẹ̀, ní àjà kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dá jáde, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì kó bá mi. Gbogbo ilé àdúgbò yìí ló jọra bí ìbejì: ọ̀dà kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Mo lọ ra ọṣẹ, mo ń bọ̀, mo gun àtẹ̀gùn, mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga. Obìnrin kan jáde láti yàrá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé ta ló ní kó pààrọ̀ aṣọ fèrèsé wa. Àṣé ilé onílé ni mo wà! Obìnrin náà ò bínú, omi tútù ló bù fún mi. Àmọ́ nígbà tí ọmọ mi wá mú mi, kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á tilẹ̀kùn látìta, wọ́n á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Wọn kì í ṣe ìkà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìyàwó ọmọ mi kì í jẹ́ kí ebi pa mí. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún un pé kí ọpọlọ àgbàlagbà má bàa kú, ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kó máa kọ́ ohun tuntun. Ló bá ra àwòrán kan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ fún mi, pé kí n máa tò ó pọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà ni wọ́n ṣe é fún. Mo tò ó, mo tú u, mo tún un tò, títí mo fi mọ pẹ́pẹ́yẹ náà ju ìyá tó yé ẹyin rẹ̀ lọ. Èmi tí mo fi ìgbà èwe mi jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù nílé iṣẹ́, tí mo mọ nọ́ńbà gbogbo ọ̀gá sórí, tí ẹ fi ń pè mí ní Àǹtí Àlóò! Mo sunkún lórí pẹ́pẹ́yẹ yẹn lọ́jọ́ kan.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni mo ti wo ìta. Aránbàtà kan àti ìyàwó rẹ̀ ní ìsọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Adití ni àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ náà wọ́n ń jà, ọwọ́ ń fò sókè sódò, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò kan ẹnì kejì: ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọkọ sọ tirẹ̀ tán, ó kẹ̀yìn sí ìyàwó kó má bàa rí èsì. Ìyàwó rọra yí lọ síwájú rẹ̀, ó fi èsì náà hàn án. Ni ọkọ bá di ojú! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń lu fèrèsé. Ìyàwó gbójú sókè, ó rí mi, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé bàtà sókè, ó fi ọwọ́ sọ ọ́. Mo ṣe é, ó mi orí, ó ní kí n tún un ṣe. Bàtà, òwú, abẹ́rẹ́, òjò, ebi. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú pé ó ń naka sí mi bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀, àfi ìgbà tó yé mi pé ìka kan náà ni wọ́n ń nà sí ọba àti ìránṣẹ́. Àwọn ìka mi ti gan, ohun tí mo bá kọ́ láàárọ̀ á sì ti fò lọ kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n mò ń ṣe é nídìí àwo, mò ń ṣe é ní balùwẹ̀. Nígbà tó yá, mo lè bá wọn ṣàwàdà. Mo sọ fún ìyàwó náà pé ọmọ mi tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ara àwàdà ni. Mi ò tún un sọ. Inú mi dùn nígbà yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ kan ni ìyàwó ọmọ mi tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ó bá mi lójú fèrèsé, ọwọ́ mi ń lọ, ọwọ́ mi ń bọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, mo gbọ́ tó ń sọ fún un ní ilé ìdáná pé, "Màmá ti ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ o." Mo wọlé bá wọn, mo ṣàlàyé. Ọmọ mi lọ wo ìta. Àwọn aránbàtà ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ti lọ sílé. Mo ní kó lọ bi wọ́n léèrè bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní adití ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi wọ́n?"

Ohun tí mo kọ́ kí orí mi má bàa kú ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé ó ti kú. Ọmọ mi lẹ bébà funfun mọ́ fèrèsé, pé kí àwọn tó ń kọjá má bàa fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á mú mi lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn ti rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ ni, ó di ọwọ́ mi mú. Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní àìsàn náà ti dé. Bí mo bá dákẹ́, mo ti gbà. Mo dákẹ́. Mò ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora kí n má bàa gbàgbé. Ẹ̀rù bà mí, àbúrò mi. Mi ò tíì rí irú ẹ̀rù yẹn rí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ṣí i. Aránbàtà ni, ti òun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọmọ mi ń pariwo mọ́ ọn, "Ẹ kú ọ̀sán! Ta lẹ ń wá?" àfi bí ẹni pé ariwo ló máa ṣí etí ọkùnrin náà. Nígbà tó sú u, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, kí ni wọ́n ń sọ?" Ó ti bi mí tán kó tó mọ ohun tó bi mí.

Mo ní, "Ó ní àwọn ò rí mi lójú fèrèsé láti ìjẹta. Ó ní ìyàwó òun ò lè jẹun. Ó ní ṣé mo ti kú ni?"

Ọmọ mi wò mí, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní kí n sọ fún un kó lọ jókòó sórí àga tó wà nídìí fèrèsé. Mo sọ ọ́. Aránbàtà kọjá lára gbogbo àga tó wà nílẹ̀, ó lọ jókòó síbẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ mi wá yọ kọ́kọ́rọ́ kejì láti inú àpò, ó nà án sí aránbàtà, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tọ́jú èyí, nítorí àìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gbé e fún yín o."

Ta ló máa mọ̀ bí mo bá yí i padà? Àmọ́ mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún nídìí tẹlifóònù gbé ọ̀rọ̀ onílé fún àlejò láìbu iyọ̀ sí i, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ojú aránbàtà yí padà: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kì í ṣe àwàdà ni mo ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣe lọ́jọ́sí. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Ó ní òun ò gbà á. Ó ní ẹni tó ni ẹsẹ̀ ni à ń fún ní bàtà."

"Ṣé àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀yin?"

"Òun ni. Èmi ni mo gbọ́ ọ."

Òní ni ọjọ́ Ìsinmi. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìrìn àjò ọ̀la, kò sì sẹ́ni tó ní a ò lọ mọ́. Mi ò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. Èmi ni mo bí ọmọ mi. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́.

Kí Ẹlẹ́dàá fún orúnkún rẹ lágbára. Kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fi ìfẹ́ pa ọ́ lára. Kó jẹ́ kí a tún fojú kan ara wa, ká sì mọ ara wa nígbà tí a bá rí ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Àǹtí Àlóò.

Àfikún: Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, pẹ̀lú bírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì. Láàárọ̀ yìí, ọjọ́ Ajé, wọ́n lọ síbi iṣẹ́ láìdárúkọ ìrìn àjò náà, wọ́n sì tilẹ̀kùn bí ìṣe wọn. Ọmọ mi kò gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kò sì mú un kúrò lórí tábìlì. Mo jókòó tì í títí tíì mi fi tutù. Ojú bọ̀rọ́ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́: mo mú un. Màá padà sílé kí wọ́n tó dé. Màá tilẹ̀kùn látinú, màá sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ọmọ mi má lè wọ ibẹ̀. Bí ọmọ mi bá dé, kó kan ilẹ̀kùn. Màá ṣí i fún un.