Kilimanjáró Ni Mò Ń Lọ, Dùnmínínú

Ojúlé Tíṣà Ọláyíwọlá,
Ìyìn-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé.

Sí Dùnmínínú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rẹ̀mí ìyàwó rẹ, mo sì kí Ọpẹ́mipọ̀ ọmọ yín, tí mo gbọ́ pé ó ti ń ká eyín. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní ulé níhìn-ín kó máa ṣọ́ yín l'Ékòó, kí ẹsẹ̀ yín má kọ, kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ má rí àléébù yín. Àmín. Tí ẹ bá ń bèèrè mi, ara mi le koko, kò síbi kankan tó ń dùn mí, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Lórí fóònù o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, tó bá sì sú ọ, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń gbérò ní Fájuyì l'Ádó ni màá fún, kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkè Kilimanjáró tó wà ní Tansaníà náà ni. Mò ń lọ. O ní obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún ọ? O rán Pásítọ̀ Bámgbóyè sí mi, ó wá, mo gún iyán fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n gbọ́ tọmọ mi, mo ní ṣé èmi ni mo bí i ni àbí òun ló bí mi, ló bá rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà ìrìn àjò fún mi, ó sì lọ. O tún fi àga rọ̀gbọ̀kú olówó gọbọi ránṣẹ́ kí n máa na ẹsẹ̀ lé e. O ṣeun. Adìẹ ti yé ẹyin mẹ́sàn-án sórí rẹ̀, ó ń sàba lọ́wọ́, nítorí náà mi ò lè jókòó síbẹ̀ kódà tó bá wù mí.

Ìwọ náà mọ̀ pé òkè yìí ni bàbá rẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yà sójú pátákó. Àwọn ọmọ iléèwé á ní Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni yìnyín wà lórí òkè nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní ṣé ẹ ti débẹ̀ rí, á ní rárá, ṣùgbọ́n òun àti Ìyá Dùnmínínú máa lọ tí gírátúítì ìfẹ̀yìntì òun bá jáde. Gírátúítì jáde, oṣù kẹta lẹ́yìn tí a sin ín. Ọmọbìnrin tó wà ní báńkì ní kí n jẹ́ kí owó náà sùn sọ́dọ̀ àwọn kó lè máa dàgbà. Mo ní ó ti sùn fún ọdún méje kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò sì rí i kó ga. Mo kó o fún àwọn tó ń mú èèyàn gun òkè náà. Owó Tíṣà ni, ibi tí Tíṣà fẹ́ lọ ló ń lọ.

Wọ́n ní kí n máa rin ìṣísẹ̀ ẹgbàárùn-ún lójúmọ́, pé fóònù ló máa kà á. Sẹ̀gilọlá tó ń ta káàdì ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo so fóònù mọ́ ìró nídìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán, ìgbà tí màá fi wa iyán kúrò nínú odó, fóònù ní mo ti rin ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Mi ò kúrò nílé ìdáná o! Inú mi dùn, fóònù yìí mọ̀ pé iṣẹ́ ni iyán gígún, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ ti inú páálí l'Ékòó lẹ ò mọ̀. Odó mẹ́ta ni mò ń gún lójúmọ́ báyìí, gbogbo àdúgbò ló ń bá mi jẹ ẹ́, Ayọ̀rìndé ará ilé kejì ti gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ fún télọ̀ kó bá a tú u sílẹ̀. Kí o má bàa sọ pé iyán nìkan ni, mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìyìn dé Fájuyì ní Sátidé, mo ra báírò tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mo sì fẹsẹ̀ padà.

Wọ́n tún ní afẹ́fẹ́ ò pọ̀ lókè yẹn. Ìyẹn ò já mi láyà. Mo yọ túùbù méjèèjì kúrò lára kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ, mo gbé e lọ bá Adéjọbí fọkanáísà ní Adébáyọ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó fẹ́ ẹ tán kí n tó rántí pé èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ló kún inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Mo ní kó tú u dànù. Ó tú u. Mo yá pọ́ńpù ọwọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ túùbù náà ní ẹ̀yìnkùlé wa kí ìrì tó gbẹ. Tí èémí mi bá kúrú lọ́hùn-ún, màá ṣí ìdérí, màá fa ti Ìyìn símú.

Fọ́ọ̀mù wọn ló wá gba ìjà. Wọ́n ní kí n kọ àwọn òkè tí mo ti gùn rí, ìlà méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ọmọ Èkìtì, ìlà méjì! Mo so ìwé mẹ́ta mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé tí mo bá kú síbẹ̀, ẹjọ́ wọn kọ́. Mo fi báírò pa ikú yẹn rẹ́, mo kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wá fọwọ́ sí èyí tó kù.

Fi owó ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́, àti ti tọ́ọ̀ṣì kan. Àga yẹn ò ṣeé wọ̀ sẹ́sẹ̀.

Ó ku ohun kan. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n dárúkọ ẹni tó ti bá mi gun òkè rí, tó lè jẹ́rìí mi, wọ́n á pè é. Orúkọ rẹ ni mo kọ. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà. Gìrì mú ọ lọ́sàn-án gangan ní oko wa lódìkejì òkè, omi ti gbé afárá lọ, bàbá rẹ sì wà ní Adó níbi tí wọ́n ti ń máàkì ìdánwò. Gbogbo àwọn tó wà lóko ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n dúró kí omi fà, pé obìnrin kì í pọn ọmọ gun òkè yẹn. Bí o ṣe sọ ọ́ lórí fóònù gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo fi ọ̀já dì ọ́, mo kọjú sí òkè. Orúnkún mi bó, èékánná mi ya, mò ń pe orúkọ rẹ ṣáá, o ò dáhùn. Ìgbà tí a dé orí òkè lo bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí Ìyìn, nọ́ọ̀sì gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó fún mi ní fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa pè ọ́. Tí wọ́n bá ní ṣé ìyá rẹ lè gun òkè, má purọ́, sọ fún wọn pé ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Wàá dàgbà, wàá tó ọjọ́ orí mi, tó o bá sì tó o, kí Ọpẹ́mipọ̀ má fi àga ránṣẹ́ sí ọ. Àmín.

Ìyá rẹ tó pọ̀n ọ́ gòkè,
Àyọ̀kẹ́